Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ka-Èdè Nínú Ìtàn-Àròsọ Ilẹ̀ Ítálì: Ilé Tí Ọ̀rọ̀ Ti Jáde Wá



Ẹ jẹ́ kí a ro ti òǹkàwé kan tí ó ti kọ́ èdè Ítálì nílé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mélòó kan, tí ó sì ń ka ìtàn-àròsọ kan nípa àwọn ará Naples tàbí ti Sísílì. Ó kà á níbẹ̀ pé obìnrin kan jáde ní òwúrọ̀ láti lọ ‘accattare’ búrẹ́dì. Òǹkàwé wa ṣí ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀, ó sì rí i pé ‘accattare’ ni kí ènìyàn máa ṣagbe. Àánú obìnrin náà ṣe é. Ó sì ka ìyókù ìtàn náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn alágbe. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò ṣagbe rárá. Ní gúúsù Ítálì, ‘accattare’ ni kí a fi owó ra nǹkan. Látìnì kan náà ni ó bí ìtumọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn ti pín tipẹ́. Ìwé atúmọ̀-èdè kò purọ́, òǹkàwé kò sì ya ọ̀lẹ. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ti pawọ́ pọ̀ sọ ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra oúnjẹ di alágbe.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí nìyí: báwo ni ó ṣe yẹ kí òǹkàwé gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tí ó bá pàdé nínú ìtàn-àròsọ ilẹ̀ Ítálì? Ìdáhùn tí mo mú wá ni pé, kí ó tó béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde wá, ẹnu ẹni tí ó ti jáde, àti ìdí tí òǹkọ̀wé fi jẹ́ kí ó jáde bẹ́ẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ìtàn-àròsọ ilẹ̀ Ítálì, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, kì í sì í ṣe ẹ̀gún tí a fi dí òǹkàwé lọ́nà. Ẹ̀rí ìtàn ni. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà yóò rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nínú ìwé yóò fò ó ru.

Ọmọ Ìyá Ni Wọ́n

Àṣìlóye kan wà tí orúkọ náà ‘ẹ̀ka-èdè’ lè dá sílẹ̀, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́nà. Bí a bá gbọ́ ‘ẹ̀ka’, ọkàn wa a lọ sí ara igi. A lè rò pé èdè Ítálì ni igi, àti pé èdè Sísílì, ti Naples, ti Venice àti ti Milan jẹ́ ẹ̀ka tí ó yọ lára rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Látìnì ni igi náà. Láti ara Látìnì tí ará Róòmù ayé àtijọ́ ń sọ ni gbogbo wọn ti yọ, tí oníkálukú sì dàgbà ní àyè tirẹ̀. Èdè tí à ń pè ní èdè Ítálì lónìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá wọ̀nyí: ti Florence ni, ní agbègbè Tuscany, òun sì ni orí gbé ga ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ Sísílì nínú ìwé, tí ó sì pè é ní èdè Ítálì tí a bà jẹ́, ó ti sọ ọmọ ìyá ẹni di ọmọ ẹni.

Ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àlejò tirẹ̀. Ní ọdún 827 ni àwọn Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́gun erékùṣù Sísílì; títí di òní, ìkùdu omi tí a fi òkúta mọ tí a fi ń bomi rin ọgbà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ‘gebbia’, òdòdó igi ọsàn sì ni ‘zagara’. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Àwọn Norman gba erékùṣù náà ní ọ̀rúndún kọkànlá, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ Faransé dé. Nítorí náà, ohun tí ará Florence ń pè ní ‘uva’, èyí ni èso àjàrà, ‘racina’ ni ará Sísílì ń pè é. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọba Aragon àti ti Sípéènì dé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣàjèèjì sí wa nínú ìwé ará Sísílì, ó lè jẹ́ pé ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún ni ó wà nínú rẹ̀.

Dante Alighieri, ọmọ Florence tí wọ́n lé kúrò ní ìlú rẹ̀, ti rí ọ̀rọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìnlá. Nínú ìwé De vulgari eloquentia, tí ó kọ ní Látìnì, ó ka èdè ìbílẹ̀ Ítálì, ó pé mẹ́rìnlá ó kéré tán. Ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí èyí tí ó kúnjú òṣùwọ̀n, àní ti ìlú tirẹ̀ pàápàá. Igba ọdún lé díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1525, Pietro Bembo, ọmọ Venice, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti sọ pé èdè Petrarca àti ti Boccaccio ni ó yẹ kí gbogbo òǹkọ̀wé máa tẹ̀ lé. Ẹ kíyè sí i: ọmọ Venice ni ó sọ pé kí á kọ èdè Tuscany, kì í sì ṣe èyí tí àwọn ará Tuscany ń sọ lójoojúmọ́ nígbà náà, bí kò ṣe èyí tí àwọn òkú ọ̀rúndún kẹrìnlá ti kọ sílẹ̀. Ní ọdún 1583 ni a dá ẹgbẹ́ Accademia della Crusca sílẹ̀ ní Florence, ní ọdún 1612 ni ìwé atúmọ̀-èdè wọn sì jáde. Báyìí ni èdè Ítálì ṣe di èdè ìwé kí ó tó di èdè ẹnu.

Nígbà tí Ítálì di ìjọba kan ṣoṣo ní ọdún 1861, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí wọn kò mọ̀ ọ́n kà, lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Tullio De Mauro, nínú ìwé tí ó ṣe ní ọdún 1963 lórí ìtàn èdè ilẹ̀ náà, ṣírò pé nǹkan bí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí ó lè sọ èdè Ítálì nígbà náà. Arrigo Castellani tako ìṣirò yìí ní ọdún 1982, ó ní wọ́n tó nǹkan bí 10. Bí a bá tilẹ̀ gba ti Castellani, ohun kan náà ni ó hàn gbangba: mẹ́sàn-án nínú ènìyàn mẹ́wàá ni kò lè sọ èdè tí ìjọba wọn fi ń ṣòfin, tí ilé-ẹjọ́ fi ń dájọ́ wọn, tí ọ̀gá ológun sì fi ń pàṣẹ fún ọmọ wọn. Inú ipò yìí ni ìtàn-àròsọ ilẹ̀ Ítálì ti dàgbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn nípa apẹja tàbí alágbàro ní láti kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: èdè wo ni n ó fi sí i lẹ́nu?

Manzoni àti Verga: Ìdáhùn Méjì

Alessandro Manzoni, ọmọ Milan, ni ó dáhùn ṣáájú. Ìwé rẹ̀, I promessi sposi, kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1827. Inú rẹ̀ kò dùn sí èdè tí ó fi kọ ọ́. Ó lọ sí Florence ní ọdún yẹn kan náà láti gbọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ náà wé kí ènìyàn lọ ṣan aṣọ rẹ̀ nínú odò Arno, èyí tí ó la Florence já. Nínú ẹ̀dà tí ó jáde láàrin ọdún 1840 sí 1842, ó ti yọ ọ̀rọ̀ Lombardy kúrò, ó sì ti fi ti Florence rọ́pò wọn. Ẹni tí ó bá ń ka Manzoni kò ní rí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tí yóò dà á láàmú. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé àgbègbè Milan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àti pé àwọn ahunṣọ tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé. Àìsí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìtàn pẹ̀lú.

Giovanni Verga, ọmọ Catania ní Sísílì, ni ó dáhùn ṣìkejì. Nínú I Malavoglia, tí ó jáde ní ọdún 1881, ó sọ ìtàn ìdílé apẹja kan ní Aci Trezza, láìpẹ́ sí ìgbà tí Ítálì di ọ̀kan, nígbà tí ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn lọ sí iṣẹ́ ológun. Ọ̀rọ̀ Sísílì gan-an kò pọ̀ nínú ìwé náà. Ohun tí Verga ṣe ni pé ó mú ọ̀rọ̀ Ítálì, ó sì tò ó bí ará Sísílì ṣe ń to ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó fi òwe wọn sí i, ó fi ìpè wọn sí i, ó sì jẹ́ kí ohùn ìlú máa sọ ìtàn náà. Nítorí náà, òǹkàwé lè mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn kan kí gbólóhùn náà sì ṣàjèèjì sí i. Irú ìṣòro yìí kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè kankan.

Orúkọ ni ó dára kí òǹkàwé Verga kọ́kọ́ dì mú. Toscano ni orúkọ ìdílé náà nínú ìwé ìjọ. ‘Malavoglia’ ni ìnagijẹ tí ìlú fún wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àìfẹ́ṣiṣẹ́. Akíkanjú òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ìlú ti sọ wọ́n lórúkọ ní òdìkejì ìwà wọn, orúkọ yẹn sì ni wọ́n ń jẹ́ láti baba dé ọmọ. Bákan náà ni ‘compare’ àti ‘comare’, tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Ìwé atúmọ̀-èdè yóò sọ fún wa pé ẹni tí ó dúró fún ọmọ nígbà ìrìbọmi ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní abúlé, ìpè ọ̀wọ̀ àti ti ìbátan ni láàrin àwọn àgbà tí wọ́n jọ ń gbé. Àwa tí kì í pe àgbà ní orúkọ rẹ̀ lásán kò ní pẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan nínú ìwé náà bá gbàgbé láti fi ‘compare’ síwájú orúkọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìpè yìí ni ó tilẹ̀ di orúkọ ìwé ní ọdún 1889, nígbà tí Verga tẹ Mastro-don Gesualdo jáde. Ní Sísílì, ‘mastro’ ni a fi ń pe oníṣẹ́-ọwọ́; ‘don’ ni a fi ń pe ọlọ́lá. Bíríkìlà ni Gesualdo Motta tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àṣekára ni ó fi di ọlọ́rọ̀, ó sì fẹ́ ọmọ ìdílé ọlọ́lá tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Ìlú kò lè máa pè é ní ‘mastro’ mọ́ nítorí owó rẹ̀. Wọn kò sì fẹ́ pè é ní ‘don’ nítorí ìran rẹ̀. Wọ́n so méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n ti ń pè é ni wọ́n ń bú u. Ààfin ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Palermo ni ó kú sí, láàrin àwọn ìránṣẹ́ tí ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ ti jẹ. Nígbà tí D. H. Lawrence túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1923, kò túmọ̀ orúkọ rẹ̀. Mo rò pé ó tọ̀nà. Ẹni tí ó bá lóye àmì ìsopọ̀ kékeré tí ó wà láàrin ‘mastro’ àti ‘don’ ti lóye ìdajì ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ru Ilẹ̀, Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ru Ìgbà

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí òǹkọ̀wé fi sílẹ̀ bí wọ́n ti wà nítorí pé ohun tí wọ́n dúró fún kò sí níbòmíràn. Grazia Deledda, ọmọ Nuoro ní erékùṣù Sardinia, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1926, máa ń lo ọ̀rọ̀ náà ‘tanca’. Àwọn atúmọ̀ a máa pè é ní pápá ẹran. Kì í ṣe pápá lásán. Pápá tí a fi odi òkúta yí ká ni. Inú èdè Catalan, tí ó bá ìjọba Aragon dé erékùṣù náà, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí kí a ti nǹkan pa. Ní ọdún 1820, ọba tí ó wà lórí oyè ṣe òfin tí ó gba onílẹ̀ láàyè láti fi odi tàbí ọgbà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1823. Àwọn alágbára lo òfin yìí láti mọ odi yí ilẹ̀ tí gbogbo ìlú jọ ń lò ká, ìjà sì dé láàrin wọn àti àwọn darandaran. Bí òǹkàwé bá rí ‘tanca’ nínú ìwé Deledda, kí ó rí odi náà, kí ó sì béèrè ẹni tí ó wà nínú àti ẹni tí ó wà lóde.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ru ìgbà ju ilẹ̀ lọ. Carlo Levi, oníṣègùn àti ayàwòrán láti Turin, ni ìjọba Mussolini lé lọ sí agbègbè Lucania ní ọdún 1935 nítorí pé ó tako wọn. Ìwé tí ó kọ nípa ibẹ̀, Cristo si è fermato a Eboli, jáde ní ọdún 1945. Ìtàn ìgbésí-ayé ni ju àròsọ lọ, ṣùgbọ́n bí ìtàn-àròsọ ni a ṣe ń kà á. Levi sọ nípa ọ̀rọ̀ náà ‘crai’, tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń lò fún ọ̀la. Èdè Ítálì ti gba ‘domani’, ó ti gbàgbé ‘cras’ ti Látìnì. Àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba gbàgbé ni ó ṣì ń sọ ọ́ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Wọ́n ní ‘pescrai’ fún ọ̀tunla, wọ́n sì ní orúkọ fún àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Levi kíyè sí i pé ‘crai’ wọn kò dúró fún ọ̀la nìkan. Ó tún dúró fún ọjọ́ tí kò ní dé. Ẹni tí ó bá kọ ‘ọ̀la’ sí etí ìwé rẹ̀ tí ó sì ń bá kíkà lọ kò ṣìnà, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí Levi ń mú un lọ.

Róòmù Lẹ́yìn Ogun

Ìjọba Mussolini kò fẹ́ràn ẹ̀ka-èdè, nítorí pé ó fẹ́ kí ayé gbà pé ohùn kan ni gbogbo Ítálì ń sọ. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé, lẹ́yìn tí ìjọba náà ṣubú ní ọdún 1943, àwọn òǹkọ̀wé ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Carlo Emilio Gadda, ọmọ Milan tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, tẹ Quer pasticciaccio brutto de via Merulana jáde ní ìwé ní ọdún 1957. Láti orí àkọlé ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ‘quer’ àti ‘de’ ni ará Róòmù ń sọ níbi tí ìwé gírámà fi kọ́ wa ní ‘quel’ àti ‘di’. Ìtàn ìpànìyàn kan ní Róòmù ní ọdún 1927 ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ń wádìí rẹ̀, Ingravallo, jẹ́ ọmọ agbègbè Molise. Ohùn Róòmù, ti Naples àti ti Venice sì ń dà lu ara wọn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí Ingravallo fẹ́ràn ni ‘gnommero’, èyí ni òwú tí a ká jọ bí bọ́ọ̀lù. Ó gbà pé kò sí ìwà ọ̀daràn tí ó ní ìdí kan ṣoṣo. Ìdí púpọ̀ ni ó máa ń lọ́ mọ́ ara wọn bí òwú. Ọ̀rọ̀ yìí ni kọ́kọ́rọ́ ìwé náà, nítorí pé bí ìdí ti lọ́ pọ̀ ni ohùn lọ́ pọ̀, bí ohùn ti lọ́ pọ̀ ni orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ lọ́ pọ̀, pàápàá ní ọdún tí ìjọba ń sọ pé ohun gbogbo tò gbọnrangandan.

Pier Paolo Pasolini gba ọ̀nà mìíràn. Bologna ni a ti bí i, Friuli ni ìlú ìyá rẹ̀, ewì ní èdè Friuli ni ó sì kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1942. Ní ọdún 1950 ni ó dé Róòmù, ó sì ń gbé láàrin àwọn tálákà ẹ̀yìn ìlú. Ragazzi di vita, tí ó jáde ní ọdún 1955, jẹ́ ìtàn àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wọ̀nyí. ‘Borgata’ ni wọ́n ń pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Róòmù nìkan, ṣùgbọ́n ní Róòmù ó ní ìtàn tirẹ̀: ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, ìjọba wó ilé púpọ̀ ní àárín ìlú kí ọ̀nà ńlá lè kọjá, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lé jáde lọ sí ẹ̀yìn odi. Pasolini fi àkójọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà. Kí ni ìdí? Nítorí pé ó mọ̀ pé ará Ítálì tí yóò ra ìwé náà kò mọ èdè àwọn ọmọ tí ń gbé ní ìrìn wákàtí kan sí ilé wọn. Àkójọ yẹn wúlò fún wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni pẹ̀lú pé àlàfo wà láàrin òǹkàwé àti ẹni tí ó ń kà nípa rẹ̀. Wọ́n pe ìwé náà lẹ́jọ́ pé ó kún fún ìwà àìnítìjú. Ilé-ẹjọ́ dá a láre ní ọdún 1956.

Camilleri àti Ferrante

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kínní ọdún 1954 ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi ní Ítálì. Òun, ilé-ìwé, àti bí àwọn ará gúúsù ṣe ń kó lọ sí àríwá wá iṣẹ́, ni ó sọ èdè Ítálì di èdè ẹnu gbogbo ènìyàn. Nígbà tí Andrea Camilleri, ọmọ Porto Empedocle ní Sísílì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde, ọ̀pọ̀ ará Ítálì kò nílò ẹ̀ka-èdè mọ́ kí a tó gbọ́ wọn yé. Yíyàn ni lílò rẹ̀ di. Nígbà tí Un filo di fumo jáde ní ọdún 1980, wọ́n fi àkójọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀gá ọlọ́pàá Montalbano ní ọdún 1994 pẹ̀lú La forma dell’acqua, kò sí àkójọ kankan mọ́. Ọ̀kẹ́ àìmọye òǹkàwé ní gbogbo Ítálì sì kọ́ ọ̀rọ̀ Sísílì láti inú ìtàn.

Báwo ni ó ṣe ń kọ́ wọn? Àsọtúnsọ ni. Ó lo ‘taliare’ níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i pé ẹnìkan ń wo nǹkan. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn ó la ọ̀rọ̀ yé wa pẹ̀lú ayọ̀, bí ó ti ṣe fún ‘tambasiare’, èyí ni kí ènìyàn máa ti yàrá kan bọ́ sí èkejì nínú ilé rẹ̀ láìní ohun pàtó tí ó ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fura sí jù lọ ni èyí tí ó jọ ti èdè Ítálì. ‘Spiare’ ní èdè Ítálì ni kí a máa ṣe amí ẹni. Lẹ́nu ará Sísílì, kí a béèrè ọ̀rọ̀ ni. ‘Macari’ jọ ‘magari’, tí ó túmọ̀ sí ‘ì bá ṣe pé’ tàbí ‘bóyá’. Ní Sísílì, ‘pẹ̀lú’ ni ó sábà máa ń jẹ́. ‘Travagliare’ ní èdè Ítálì ni kí a dá ẹni lóró. Ní Sísílì, iṣẹ́ òòjọ́ ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé gbogbo ìlú ni ó ń ṣe amí, tí ó sì ń joró.

Ẹni tí ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Elena Ferrante ṣe òdìkejì èyí. Nínú ìwé mẹ́rin tí L’amica geniale ti ọdún 2011 ṣáájú, tí ó parí ní ọdún 2014, àwọn ọmọbìnrin méjì dàgbà ní àdúgbò tálákà kan ní Naples. Ọ̀rọ̀ Naples kò pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí a ń kà léraléra ni pé ‘ó sọ ọ́ ní ẹ̀ka-èdè’, gbólóhùn tí ó sì tẹ̀ lé e yóò wà ní èdè Ítálì. Òǹkàwé àjèjì lè dúpẹ́ pé wọ́n dín ìyà rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kí ó ronú: ẹni tí ń sọ ìtàn náà ni ó fi ìwé-kíkà jáde kúrò ní àdúgbò yẹn. Nínú ẹ̀ka-èdè ni wọ́n ti ń jà, nínú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń bú u. Ó ń sọ fún wa pé òun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi í sí ẹnu ara rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tí ó wúwo jù nínú ìwé náà.

Bí Òǹkàwé Ṣe Lè Ṣe É

Kí ni kí òǹkàwé ṣe, nígbà náà? Èkíní, kí ó má sáré lọ sí ìwé atúmọ̀-èdè. Kí ó ka ojú-ìwé náà tán, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti fi ìtumọ̀ sí tòsí. Èkejì, kí ó mọ àgbègbè tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, kí ó sì kọ́ díẹ̀ nínú ọ̀nà tí ìró ń gbà yí padà níbẹ̀. Ní gúúsù àti ní Róòmù, ‘nd’ a máa di ‘nn’, ‘quando’ a sì di ‘quanno’. Ní Róòmù, ‘l’ a máa di ‘r’ ṣáájú kọ́ńsónáǹtì mìíràn. Ní Sísílì, ‘bello’ a di ‘beddu’. Ní àríwá, ‘t’ àárín ọ̀rọ̀ a máa rọ̀ di ‘d’. Ẹni tí ó bá mọ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú òfin wọ̀nyí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó kà sí àjèjì jẹ́ ojúlùmọ̀ tí ó pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì ṣókùnkùn, kí ó lọ sí ìwé atúmọ̀-èdè ti àgbègbè náà, kì í ṣe ti èdè Ítálì: Cherubini ṣe ti Milan ní ọdún 1814, Boerio ṣe ti Venice ní ọdún 1829, Piccitto àti àwọn tí ó tẹ̀lé e sì ṣe ti Sísílì ní ìdìpọ̀ márùn-ún láàrin ọdún 1977 sí 2002. Ẹ̀kẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù, kí ó béèrè pé: ta ni ó ń sọ ọ́, ta ni ó ń sọ ọ́ fún, ta sì ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ yé? Bí ẹnìkan bá fi èdè Ítálì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó sì fi ẹ̀ka-èdè parí rẹ̀, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ láàrin. Ó lè jẹ́ ìbínú, ó lè jẹ́ ìfẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ọ̀gá ti kúrò lára rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn, ẹnìkan sì lè bi mí pé èrè wo ni ó wà níbẹ̀. Èsì mi ni pé ìgbà kò dúró. Àjọ oníṣirò ìjọba ilẹ̀ náà, ISTAT, rí i ní ọdún 2015 pé nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tí ẹ̀ka-èdè jẹ́ èdè tí wọ́n ń sọ jù lọ nínú ilé wọn. Nǹkan bí 32 ń lo méjèèjì pọ̀. Òfin 482 ti ọdún 1999 dá ààbò bo èdè ìran kéékèèké 12, èdè Sardinia àti ti Friuli sì wà lára wọn. Ti Sísílì àti ti Naples kò sí níbẹ̀. Bí àwọn tí ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn-àròsọ yóò máa di ilé tí púpọ̀ nínú wọn kù sí.

Nítorí náà, bí a bá tún pàdé obìnrin yẹn tí ó jáde ní òwúrọ̀ láti lọ ‘accattare’ búrẹ́dì, ẹ jẹ́ kí a wo ilé rẹ̀ kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìwé atúmọ̀-èdè tí kò mọ ìlú rẹ̀ gba iyì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.